Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń kùn

Olùkọ́ ni wá ní Bánigbé, ní agbègbè Ifangni. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́, nítorí náà bí àmì ohùn bá ṣì wá lọ́wọ́ níbì kan, ẹ bá wa tún un ṣe, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọkọ̀ àlòkù tí a rà ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ sì ni kò ní ọkọ̀ ṣùgbọ́n tó ń wọ takisí lójoojúmọ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé rúlúmáà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń kú, àti ìgbà tó yẹ kí ó pààrọ̀ rẹ̀. A ó sì jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe, nítorí kì í ṣe àìmọ̀ ló fẹ́ẹ̀ kó wa sí wàhálà. Etí wa gbọ́ ọ. Ọkàn wa ni kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ rẹ̀ kúrò ní ọ̀nà. Àwa ń pè é ní rúlúmáà, torí èdè Faransé ni àwọn mẹkáníìkì wa fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè é ní bíárìn. Ohun kan náà ni: òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí wọ́n to ọta irin róbótó-róbótó tàbí irin gbọọrọ kéékèèké sí àárín wọn pẹ̀lú gíríìsì, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè máa yí láìjẹ́ pé irin ń ha irin. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀, èrò inú rẹ̀, àpò àgbàdo àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó wà nínú búùtù, orí àwọn rúlúmáà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Àwa olùkọ́ mẹ́ta la pawọ́ pọ̀ ra Toyota kan: Dírẹ́tọ̀ wa tó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, Màdáàmù tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, àti ẹni tó ń kọ èyí. A ní àjọ kékeré kan tí a ń dá lóṣooṣù fún ọkọ̀ náà: owó epo, owó ọ́ìlì, owó visite technique. Bí ẹ bá ń gbọ́ "àwa" nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe pé à ń gbéraga bí ọba. Àwa mẹ́ta la jọ ni ọkọ̀, a rò pé àwa mẹ́ta náà la jọ jẹ̀bi.

Ní oṣù kẹwàá, lásìkò òjò kékeré, a la omi kọjá lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa kan. Omi náà bo ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé ìdajì. A kọjá, a dúpẹ́, a gbàgbé. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ẹ̀rọ ìlọgi tí ènìyàn ń gbọ́ láti òpin àdúgbò kejì: hùùùù. Bí a bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàrin ìlú, kò sí nǹkan. Bí a bá dé orí ọ̀dà tí eré sì tó ọgọ́ta kìlómítà, ó bẹ̀rẹ̀. Bí eré bá ń pọ̀, ohùn rẹ̀ á máa ga. Bí eré bá dínkù, òun náà á sọ̀ kalẹ̀.

Màdáàmù ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló máa ń jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin Mùsíyé, nǹkan kan ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí o." Dírẹ́tọ̀ ní táyà ni, pé táyà àlòkù tí a rà kò dọ́gba. Àwa ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé, "Màdáàmù, ṣé ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì ni?" Kò dáhùn. Ó wo ojú fèrèsé.

Ká sòótọ́, ohun tí Dírẹ́tọ̀ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Táyà tó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan máa ń kùn gan-an bíi rúlúmáà. Ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀ wà, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ fetí sí ojú ọ̀nà. Ariwo táyà máa ń yí padà bí ojú ọ̀nà bá yí padà: lórí ọ̀dà tuntun tó dán, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, lórí ọ̀dà àtijọ́ tó le gbárakata, ó padà wá. Ohùn rúlúmáà kò bìkítà fún irú ọ̀nà. Èkejì, ẹ pààrọ̀ ipò táyà, kí tẹ̀yìn lọ síwájú. Bí ariwo bá bá táyà lọ, táyà ni. Bí ó bá jókòó síbi tó wà, ẹ wá nǹkan mìíràn.

A ṣe é ní oṣù kẹta. A gbé táyà ẹ̀yìn síwájú, a gbé ti iwájú sẹ́yìn. Ariwo kò kúrò níbi tí Màdáàmù jókòó sí.

Níbi yìí ni ó yẹ kí a rántí bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Peugeot 404 bàṣé ni wọ́n ń wà láàrin Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dúró láti já èrò, wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á yí ọkọ̀ ká, wọn á na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kàn án, bí ìyá ṣe ń yẹ iwájú orí ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. A máa ń rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ìgbà tí a dàgbà la mọ̀ pé rúlúmáà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Rúlúmáà tó ń kú máa ń gbóná. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbóná ju èkejì rẹ̀ lọ púpọ̀, nǹkan wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ rúlúmáà, ó sì lè jẹ́ bíréèkì tó ń dì mú un. Èyí ó wù kó jẹ́, kò yẹ kí ènìyàn gbéra láìwádìí.

Lórí 404 ìgbà náà àti 504 tó tẹ̀lé e, rúlúmáà iwájú ṣeé tún ṣe. Nọ́ọ̀tì kan ló dì í mú. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí mì díẹ̀, bàbá wa á fún nọ́ọ̀tì náà, wọn á sì tún tú u padà díẹ̀, torí bí ó bá le jù á gbóná, bí ó bá dẹ̀ jù á máa mì. Wọn á fọ gíríìsì àtijọ́ dànù, wọn á fi tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń rà lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dé rúlúmáà wọn pa pẹ̀lú gíríìsì inú rẹ̀. Kò sí pé à ń fún un, kò sí pé à ń tú u. Bí ó bá ti bàjẹ́, pípààrọ̀ ló kù. Mẹkáníìkì tó bá sọ fún yín pé òun á "fún un le díẹ̀" fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ awakọ̀, a mọ èyí. A mọ̀ ọ́n, a sì tún sún un síwájú. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Owó. Oṣù kẹrin nìyẹn. Àjọ ọkọ̀ ti gbẹ, Dírẹ́tọ̀ ní òkú ẹbí tí wọ́n fẹ́ sin, ilé tiwa ń jò. A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí a kò ní dárúkọ. Ó wà á yípo ẹ̀ẹ̀kan, ó ní, "Rúlúmáà ni, ṣùgbọ́n ó ṣì máa lọ. Bí ó bá fẹ́ kú, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ló sọ fún wa. Ẹ̀bi tirẹ̀ kò tó ẹ̀bi tiwa, nítorí a kò béèrè ìbéèrè tó yẹ: lọ títí di ìgbà wo?

Ká sọ bí a ṣe lè wádìí rẹ̀ fúnra wa, kí ẹnikẹ́ni má tún fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ̀ wá lẹ́kún.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ló ń ké. Lójú ọ̀nà tó dára tí kò sí ọkọ̀ nítòsí, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ gbé jíà sí fíríì, èyí tí àwa ń pè ní point mort. Ohùn ẹ́ńjìnnì á sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kíkùn náà bá ń bá eré ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni.

Èkejì, ẹ wá apá tó wà. Bí a bá rọra yí síárìn sí òsì lórí eré, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ lọ sí apá ọ̀tún. Bí kíkùn bá pọ̀ sí i nígbà náà, apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a yí sí ọ̀tún ló pọ̀ sí i, apá òsì ni. Etí máa ń tanni jẹ nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ má fi èyí nìkan dájọ́. Ẹ má sì ṣe dán an wò níbi tí àwọn zémíjàn ń gbà kọjá.

Ẹ kíyè sí èyí náà: bí ó bá jẹ́ pé "tọ-tọ-tọ-tọ" lẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá yí síárìn dé òpin tí ọkọ̀ sì ń rìn jẹ́jẹ́, ìyẹn kì í ṣe rúlúmáà, kaadán ni. Ti rúlúmáà máa ń kùn, ó sì máa ń dàgbà di híha: gàrà-gàrà-gàrà.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí àwọn ẹsẹ̀ tó kù, ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ sì fi ohun tó lágbára ti ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ máa tì í ẹ máa fà á. Ẹsẹ̀ tó dára kò gbọdọ̀ mì gìdìgìdì. Bí ó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ tún gbìyànjú. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, rúlúmáà ni. Bí ó bá ń mì síbẹ̀, àwọn oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì nìkan ló ń mì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti síárìn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ fi ọwọ́ kan yí táyà, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan sípíríǹgì ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́. Rúlúmáà tó dára á yí bí epo. Èyí tó ti jẹ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára sípíríǹgì bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, kódà bí etí kò bá gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ kejì pẹ̀lú, kí ẹ lè fi wọ́n wé ara wọn.

Ìdájọ́ wá rọrùn báyìí. Bí ó bá jẹ́ kíkùn díẹ̀ nìkan, tí ẹsẹ̀ kò mì, tí kò gbóná, ẹ lè wá owó láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má rin ọ̀nà jíjìn, kí ẹ má ru ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń mì, tàbí tó ń ha, tàbí tó ń gbóná, tàbí tí òórùn gíríìsì tó ń jó bá ń jáde, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí ohun tó kàn lẹ́yìn èyí ni kí rúlúmáà dì pa, tàbí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tú lórí eré.

Àwa mọ gbogbo èyí, a sì ń wa ọkọ̀ náà lọ.

Ọjọ́ ìdánwò CEP dé ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ ní ìhà yìí, ẹ mọ ohun tí CEP jẹ́. Ọmọ tí kò bá dé kí wọ́n tó pín ìwé ìdánwò, ọdún odidi ló fi ṣeré. Òjò ti rọ̀ láti òru. Àwọn ọmọ mẹ́rin dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, àwọn òbí wọn kò rí zémíjàn tó máa gbé wọn nínú òjò. Màdáàmù ní kí a gbé wọn. Òun jókòó síwájú, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há ara wọn sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwa ọkùnrin méjì wà ní ìdí síárìn. Kò ṣe pàtàkì èwo ni.

Kíkùn náà bẹ̀rẹ̀ kí a tó kúrò ní ìlú. Tẹ́lẹ̀, eré gbọ́dọ̀ tó ọgọ́ta kí a tó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, a gbọ́ ọ ní ogún. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wúwo lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló sì ń jìyà rẹ̀. Ní kọ́nà kan tó yí sí òsì, ó yí ohùn padà. Kò kùn mọ́. Ó ń ha. Òórùn kan wọlé bíi ti irin tí alágbẹ̀dẹ ń sun.

Màdáàmù kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Ẹ dúró."

Ọ̀tẹ̀ yìí, a dúró.

A sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí àárín ẹsẹ̀ náà bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe. Kò tíì sún mọ́ ọn tó fi fà á padà. Omi òjò tó ń kán sí i ń hó. Ó di táyà mú lókè, ó fà á, gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sì tẹ̀ wá sí i lọ́wọ́ bí eyín àgbà tó fẹ́ yọ.

A kò mọ iye ọ̀nà tó kù kí ó tú. Ó lè jẹ́ kọ́nà tó kàn. A wo àwọn ọmọ náà, bébà ìdánwò wọn nínú ọ̀rá, bíírò wọn lẹ́yìn etí. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

A bọ́ bàtà. Màdáàmù di méjì lọ́wọ́ mú, a di méjì mú, a fi ẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀. Zémíjàn kan bá wa lójú ọ̀nà, ó kó àwọn ọmọbìnrin méjì lọ, ó sì padà wá gbé àwọn ọmọkùnrin. Kò gba owó lọ́wọ́ wa nígbà tó gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n dé kí wọ́n tó pín ìwé ìdánwò. Ẹsẹ̀ wọn pupa fún ẹrẹ̀ dé orúnkún, ṣùgbọ́n wọ́n dé.

Kí ó tó gun kẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà yíjú sí wa. Ó béèrè bí ọmọ tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, kì í ṣe láti bú wa. Ó ní, "Mùsíyé, ṣé ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ yìí ti ń ṣàìsàn ni?"

A ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún tó ju ogún lọ. A kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó le tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì mìíràn láti Àjàṣẹ́ wá tú u. Ó fi rúlúmáà náà lé wa lọ́wọ́. Ojú ibi tí ọta irin ń gbà yí, tó yẹ kó máa dán bíi dígí, ti jẹ ihò-ihò bí eyín tí kòkòrò jẹ. Gíríìsì inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú pẹ̀lú ìpẹtà. Ó ní, "Omi ló wọ̀ ọ́." A rántí omi oṣù kẹwàá. Omi, yẹpẹ ilẹ̀ pupa, kòtò àti ẹrù àpọ̀jù, àwọn ni ọ̀tá rúlúmáà lágbègbè wa. Ẹ sì mọ irú ẹrù tí àwọn ọkọ̀ kan ń rù gba ọ̀nà wa láàrin òru.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí ara rẹ̀. Àwọn ọmọ CM2 wa fẹ́ràn ìṣirò inú nọ́ńbà yìí: lára rúlúmáà gbogbogbòò, irú tó wà nínú ẹ̀rọ ìlọgi, bí nọ́ńbà bá jẹ́ 6204, ẹ mú 04 tó gbẹ̀yìn, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, 20 ni, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. 6205 jẹ́ 25, 6206 jẹ́ 30. Ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ kàn rí i pé ó bá ti àtijọ́ mu. Ẹ má ra àlòkù. Ẹni tó tú u kúrò lára ọkọ̀ mìíràn lè ti fi òòlù lu ú. Ayédèrú náà pọ̀ nínú páálí tó jọ ti gidi. Bí owó rẹ̀ bá kéré ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ ti mọ ìdí.

Tẹ́lẹ̀, àwọn kan níbí máa ń rán ènìyàn lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó fún ẹ̀yà ara ọkọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nǹkan le, ti Ìdí-Ìrókò kò sì tún ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. A kọ́ ọgbọ́n nínú ẹ̀: ohun tí ọkọ̀ máa nílò, ẹ má dúró di ọjọ́ tó bá kú kí ẹ tó wá a.

Ẹ wo bí mẹkáníìkì ṣe ń fi tuntun sí i pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í wọlé, kì í ṣe òòlù. Òrùka tí wọ́n fẹ́ kì bọ ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tì. Bí wọ́n bá ń ti òrùka inú nígbà tó jẹ́ ti ìta ló ń wọlé, ọta irin ló ń gba agbára yẹn, á sì fi àpá sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Rúlúmáà tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí kùn láàrin oṣù díẹ̀, wọn á sì ní ọjà ló burú. Lára ọkọ̀ tó ní ABS, àwọn rúlúmáà kan ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí wọ́n bá yí i sódì, iná ABS á máa tàn.

A fi rúlúmáà àtijọ́ náà sórí tábìlì nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ máa ń fi ìka yí i, wọ́n á gbé e sétí. A fi kọ́ wọn ní ìtàn: pé ará Wéèlsì kan, Philip Vaughan, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọta irin fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní 1794, pé Friedrich Fischer ní ìlú Schweinfurt ní Jámánì ló ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ ọta irin kó rí róbótó dọ́gba ní 1883, pé Sven Wingquist, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Gothenburg ní Sweden, rí i pé rúlúmáà àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ń bàjẹ́ léraléra torí pé ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí ń rì, ó sì ṣe irú tuntun tó lè tẹ̀ díẹ̀ láìbàjẹ́, ni wọ́n bá dá SKF sílẹ̀ ní 1907. Nígbà ogun, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1943, àwọn ará Amẹ́ríkà pàdánù 60 ọkọ̀ òfurufú tó ń ju bọ́ǹbù, torí pé wọ́n fẹ́ ba àwọn ilé iṣẹ́ rúlúmáà Schweinfurt jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé láìsí ohun kékeré yìí, kò sí ọkọ̀ ogun tó máa rìn.

Gbogbo ayé mọ iyì rẹ̀. Àwa ní Bánigbé fi oṣù mẹ́rin sọ pé táyà ni.

Kí a tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síbí, a kà á fún Màdáàmù, kí ó lè sọ bóyá a ti parọ́ níbì kan. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ní àtúnṣe kan láti ṣe. Níbi tí ẹ ti ní 'àwa kò fẹ́ gbọ́', 'àwa sún un síwájú', ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò nínú 'àwa' yẹn. Èmi sọ ọ́ láti oṣù kejì."

Òótọ́ ni. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín. Láti ọjọ́ náà, bí èrò ẹ̀yìn bá sọ pé nǹkan ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, a máa ń dúró.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún dé ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó wọlé, ẹ yí ọkọ̀ yín ká, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì sọ fún wa orúkọ tí wọ́n ń pe rúlúmáà ní ìlú tiyín.

Ọ̀nà á dára fún gbogbo wa o. Ire.